Ilẹ̀ Kastanari Kò Tíì Jẹ́ Kí Roy Lọ

Roy ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun pátákó náà nígbà tó ṣì lágbára. Iṣẹ́ tó ṣe títí ó fi fẹ̀yìntì ní Oldham, ní Ìlú Ọba, nìyẹn: òun ló ń kọ orúkọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn alápatà àti àwọn oníbúrẹ́dì, lẹ́tà rẹ̀ a sì dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tó tò lórí ìlà. Ó kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì lókè, ó kọ ọ́ lédè Gíríìkì nísàlẹ̀, pé ilé yìí wà fún títà. Ó fi wáyà so ó mọ́ géètì, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Beryl, fọkàn balẹ̀. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ẹnìkan á ti ní ká tú u kúrò.”

Òjò àkọ́rọ̀ dé, ó lọ. Òmíràn dé. Roy kú. Pátákó wà lójú géètì. Oòrùn Kastanari, abúlé orí òkè nílẹ̀ Gíríìkì, kì í wojú ẹnikẹ́ni; ó lá àwọn lẹ́tà náà títí wọ́n fi ṣá bí aṣọ àlòkù. Kò sì sí ọdún tí Beryl kì í mú búrọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀ jáde, kó jókòó sórí àpótí níwájú géètì, kó máa tọ ipa ọwọ́ olóògbé lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá rò pé ilé ló ń polówó. Beryl mọ̀ pé ọwọ́ Roy lòun ń dì mú.

Nígbà tí wọ́n ra ilé náà, ayé ń dùn. Wọ́n ta èyí tí wọ́n ní ní Oldham, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé e. Ilé olókùúta lórí òkè, fèrèsé aláwọ̀ ojú ọ̀run, òkun nísàlẹ̀ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Beryl tó ti fi ọgbọ̀n ọdún se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé nínú ooru kíṣìnnì ní, “Ẹ gbà mí, ibi tí oòrùn ti ń ràn lófẹ̀ẹ́ rè é.” Gbogbo ènìyàn ló ní ilé kì í rẹlẹ̀, pé òkè lowó ilé ń gbà lọ bí èéfín. Ìgbà tí ìlú wá fọ́, tí ìjọba ń gé owó oṣù olùkọ́ àti ti dókítà, tí wọ́n so owó orí ilé mọ́ bílì iná kí ẹni tí kò bá san lè jókòó sínú òkùnkùn, èéfín yí padà. Ó wálẹ̀, ó wọ gbogbo wọn lójú.

Báyìí, ohun kan ṣoṣo ni Beryl ń fẹ́: kó padà sí Ìlú Ọba, sọ́dọ̀ Janice ọmọ rẹ̀, kí egungun ìbàdí tó ń dùn ún tó dá a dúró sórí òkè yìí. Ohun méjì ló sì dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀kan ni ilé tí kò tà. Èkejì ni Roy, tó wà nínú ilẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni àwọn àlejò, bí àwọn ará abúlé ṣe ń pe àwọn òyìnbó tó wá ra ilé níbẹ̀, máa ń pàdé nílé oúnjẹ Vangelis. Wọ́n á kọ́kọ́ dán ara wọn wò pẹ̀lú ìbéèrè, odò wo ló gùn jù, ọba wo ló ní ìyàwó mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bọ́ sórí ohun tó gbé wọn wá gan-an, ìyẹn iye ilé. Clive ni olórí wọn. Ó ti ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ ìbánigbófò rí, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ìgbà tí ilé yóò jó. Òun ló ní kí gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, nítorí ẹni tó bá ta lọ́pọ̀ ti fa gbogbo òkè wálẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e lórí. Beryl náà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Roy ṣì wà láyé nígbà náà.

“Ẹ jẹ́ n sọ fún yín,” Clive ní lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ń fi ìka kan tábìlì. “Owó ilé ti kanlẹ̀. Láti ibi tó dé yìí, òkè ló kù.”

“Clive, ohun tí o sọ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá nìyẹn,” Joop dá a lóhùn. Awakọ̀ ẹrù ni Joop ní Họ́láǹdì rí, ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. “Ilẹ̀ tí o ní ó kàn yìí, ṣé ó tún ní yàrá lábẹ́ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Clive kò rín.

“Wọ́n ní owó àtijọ́ tí ilẹ̀ Gíríìkì ń ná kó tó gba ti Yúróòpù ń padà bọ̀,” Pauline, ìyàwó Clive, sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

“Jẹ́ kó padà! Ọjọ́ tó bá padà, àwọn ará Jámánì á fi owó tiwọn ra gbogbo etíkun yìí. Ẹni tó bá ti ta ṣáájú á ké.”

“Àbí kí ilé wa di owó ìgò ólífì kan,” Joop ní.

“Joop, ìwọ ò nígbàgbọ́.”

“Mo nígbàgbọ́. Olúwa ni mo gbà gbọ́, kì í ṣe ejẹ́ǹtì tó ta ilé fún mi.”

Vangelis gbé àwo ẹran àgùntàn kalẹ̀ sáàárín wọn. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kàwé dókítà eyín ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Ọsirélíà. Fọ́tò rẹ̀ ló kù lókè ibi tí wọ́n ń pọn ọtí.

“Ẹ̀yin àlejò wa,” ó ní, “ẹ ti sin ilẹ̀ Gíríìkì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án yìí. Ẹ jẹ́ kó jẹun kó tó tún kú.”

Beryl rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú náà, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín nínú omi náà.

Stamatia, aládùúgbò Beryl, kì í kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tó ti sin Kostas ọkọ rẹ̀ ló ti ń wọ dúdú, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọlé bí ológbò, ewébẹ̀ òkè nínú ápúrọ́ọ̀nù rẹ̀. Lédè Gíríìkì ni Beryl ń bá a sọ̀rọ̀, èyí tó kọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú kíṣìnnì láti ìgbà tí Roy ti kú. Lọ́jọ́ náà ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ewébẹ̀, Beryl mú ọ̀bẹ, wọ́n jọ ń ṣa á.

“Beryl,” Stamatia ní, “ọkọ rẹ ti tó.”

“Ó tó kí ni, Kiria Stamatia?” Kiria ni wọ́n ń pe ìyáàfin níbẹ̀.

“Ó tó kó jáde.”

Ọwọ́ Beryl dúró lórí ewé.

“Ilẹ̀ ibojì wa ò tó nǹkan, ọmọ mi. Òkúta ni gbogbo òkè yìí. Ọdún mẹ́ta la fi ń yá olúkúlùkù, ẹlòmíràn á wọlé. Wọ́n á hú u, a ó fi ọtí wáìnì fọ eegun rẹ̀, a ó kó o sínú àpótí kékeré, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ó di inú ilé eegun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kostas wà níbẹ̀. Ọwọ́ yìí ni mo fi fọ orí rẹ̀. Ó mọ́ ju ìgbà tó wà láyé lọ.”

“Kí ló dé tẹ́nìkan ò sọ fún mi?”

“Ta ni í sọ fún ènìyàn pé ilẹ̀ á ṣú?”

Beryl fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó rántí bí wọ́n ṣe sin Roy. Clive ló wa ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, òun ló yan pósí náà: igi líle, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, ìdérí tó dì pinpin tí atẹ́gùn kò ráyè gbabẹ̀ wọlé. Gbogbo wọn ló dá owó rẹ̀. Clive ní Roy kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sin sínú pákó lásán bíi ti àwọn ará abúlé. Stamatia fọwọ́ kan pósí náà lọ́jọ́ yẹn, ó mi orí, ó ní ó wúwo. Beryl rò pé ó ń yìn ín ni. Ó rò pé ilẹ̀ tí òun rà fún ọkọ òun, títí ayé ni. Bí wọ́n ṣe rò nípa ilé náà nìyẹn.

“Bí n ò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?” ó béèrè. “Ká ní mo ti lọ.”

“Bí ẹni rẹ̀ kò bá dúró tì í, inú kòtò gbogbo ayé ni wọ́n á dà á sí. Orúkọ ò sí níbẹ̀.” Stamatia tún mú ewébẹ̀ mìíràn. “Ṣùgbọ́n ìwọ wà. Kí lò ń sunkún sí? Àwọn tó fẹ́ràn ara wọn ló ń pàdé báyìí lẹ́ẹ̀kejì.”

Ìbẹ̀rù ni Beryl bá lọ sórí ibùsùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ìrònú mìíràn ti jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. Àpótí kékeré. Àpótí tí obìnrin tí ìbàdí ń dùn lè gbé. Ó ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ látọjọ́ yìí pé òun kò lè fi Roy sílẹ̀ lọ, àfi bí ẹni pé òkè gan-an ló gbé e mì. Ǹjẹ́ bí òkè bá fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde fúnra rẹ̀? Ó pe Janice lórí fóònù. Janice kọ́kọ́ pariwo, lẹ́yìn náà ó ní, “Mọ́mì, n ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú. Àyè wà fún Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá àgbà nílé.”

Bí Olúwa yóò bá ṣílẹ̀kùn, a máa ṣí fèrèsé mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni Lefteris, ọmọ àbúrò Stamatia, dúró lẹ́nu géètì, tó ń ka pátákó bí ẹni tí kò rí i rí. Atukọ̀ ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń bá kiri ayé. Ìyàwó rẹ̀ Argyro ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní Áténì, òun àtàwọn ọmọ ń gbé yàrá kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí odi ọgbà, ó sì dárúkọ iye kan.

“Kò tó ìdajì ohun tẹ́ ẹ fi rà á, Kiria Beryl, mo mọ̀. Ká ní mo ní jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ojú ò ní máa tì mí báyìí.”

“Bí Roy bá wà láyé, búrọ́ọ̀ṣì ló máa fi lé ọ dé etíkun.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ma?”

Beryl wo òkun. Ó wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà, tí okùn ọkọ̀ ti bó.

“Èmi á po tíì fún ọ,” ó ní.

Àárín wọn ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà, pé lọ́jọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n bá hú Roy, wọ́n á jọ lọ bá lọ́yà. Beryl palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó fún àwọn aládùúgbò ní ìkòkò rẹ̀, ó fún Joop ní rédíò Roy.

Ó kù kó sọ fún ẹgbẹ́. Ọjọ́bọ̀ dé, wọ́n parí ìbéèrè, Clive sì bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ pé ó ti kanlẹ̀. Beryl ní, “Mo ti ta tèmi.”

Ariwo ayọ̀ sọ. Pauline dì mọ́ ọn. Nígbà tó dárúkọ iye tó gbà, ọwọ́ tú lára rẹ̀.

“Kò tó ìdajì?” Clive dìde. “Ṣé orí rẹ pé, Beryl?”

“Orí mi ò pé rí. Roy náà mọ̀.”

“Má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà! Ìwọ nìkan kọ́ lo ta. Lọ́la, ẹni tó bá wá wo tèmi á ní, èyí tó wà lókè yẹn, èló ni wọ́n gbà á? O ta tìrẹ, o ta tèmi, o ta ti Joop.”

“Bó bá ti bá mi ta tèmi,” Joop ní, “kó fún mi lówó mi, n ó ra ọtí fún gbogbo yín.”

“Dákẹ́, Joop! A bọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.”

“A bọwọ́, Clive,” Beryl dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò ga. “O ní ká mú sùúrù, a mú sùúrù. Sùúrù ti wọ́n, ilé ò wọ́n. Ọkọ mi bá ọ mú sùúrù títí ó fi wọlẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí n mú tèmi débẹ̀ ni?”

Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Gbogbo wọn ló wà lórí okùn kan náà, bí ọ̀kan bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo okùn á mì. Clive kì í ṣe ènìyàn burúkú. Gbogbo owó tó fi ogójì ọdún kó jọ ló wà nínú bíríkì ilé náà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

“Roy ńkọ́?” Pauline béèrè, bóyá láti pa iná ọ̀rọ̀. “Ta ni yóò máa tọ́jú ibojì rẹ̀?”

“Mo ń gbé e lọ. Wọ́n fẹ́ hú u lọ́jọ́ Sátidé.”

Ó ṣàlàyé fún wọn bí Stamatia ṣe ṣàlàyé fún un, àmọ́ ó fo ibi tí orí Kostas ti mọ́ ju ìgbà tó wà láyé lọ.

“Kí wọ́n hú òkú ọmọlúàbí síta?” Clive ní. “Irú ìlú wo rè é?”

Vangelis ń kó àwo. Kò gbójú sókè.

“Ìlú tí ilẹ̀ ò tó ni, Clive. Ẹ̀yin lẹ ra èyí tó kù.”

Clive fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde. Pauline tẹ̀ lé e, ó ń wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Sátidé mọ́ láìsí afẹ́fẹ́. Beryl wọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó gbé àpótí náà dání, èyí tí káfíńtà abúlé kàn, orúkọ Roy wà lára rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tí Beryl fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Àlùfáà Stelios ti dúró, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà. Stamatia àti àwọn obìnrin mẹ́ta mìíràn tẹ́ aṣọ funfun sórí koríko, wọ́n gbé bàsíà kalẹ̀, wọ́n da wáìnì sí i. Ọ̀kan nínú wọn ti se àlìkámà pẹ̀lú súgà àti èso pómégíránétì, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní orúkọ òkú. Joop dé, ó bọ́ fìlà. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí wọn mọ́, Clive àti Pauline gba ẹnu ọ̀nà ibojì wọlé, wọ́n dúró lẹ́bàá odi. Clive kò wo ojú Beryl.

Òkúta mábù tó wà lórí sàréè là sí méjì bí wọ́n ṣe ń gbé e. Agbẹ́lẹ̀ ní kò sí nǹkan, pé gbogbo wọn ló máa ń là. Ó ń wà, ó ń wà. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, tó ń jẹ ọlọ́rọ̀, tó ń jẹ tálákà, tí kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tí wọ́n ra ilé rẹ̀. Àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, èyí ń sọ ti ìyá rẹ̀, èyí ń sọ ti ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó ń kó ará ilé bọ̀. Ara Beryl balẹ̀ díẹ̀. Ó ń rò pé, Roy, mo mú wáìnì tó dáa wá, ìwọ tó jẹ́ pé ọtí bíà lò ń mu.

Ṣọ́bìrì kan igi. Ohùn rẹ̀ kò dà bí ohùn igi tó ti jẹrà. Ó dún bí ilẹ̀kùn.

Agbẹ́lẹ̀ wo àlùfáà. Ó fi irin ṣí ìdérí. Ó pẹ́ kó tó ṣí. Ó bojú wò ó, ó sì yára bò ó padà, ṣùgbọ́n Beryl ti rí apá kóòtù aláwọ̀ búlúù, èyí tí Roy wọ̀ nígbà ìgbéyàwó Janice, pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀ gbogbo, àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ni. Kò tíì di eegun.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣe àmì àgbélébùú. Èkejì sọ nǹkan lẹ́nu, Beryl sì gbọ́ ọ: ní Kastanari, òkú tí ilẹ̀ kọ̀ láti jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ló dì í mú.

“Pa ẹnu rẹ mọ́!” Stamatia yí sí i bí ọ̀dọ́. “Pósí ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Irin ni wọ́n fi tẹ́ ẹ. Pákó tín-ín-rín la fi ń sin ènìyàn kí ilẹ̀ lè rí i jẹ. Ẹ̀yin náà ò ríran ni?”

Beryl di àpótí kékeré náà mú sáyà bí ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ohùn kan tí kò mọ̀. Ìgbà tó yí padà ló rí i pé Clive ni, ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún.

“Èmi ni mo yan pósí yẹn,” ó ní. “Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tó wọ́n jù.”

“Mo mọ̀, Clive.”

“Mo rò pé...”

“Gbogbo wa la rò bẹ́ẹ̀.” Ó nà án ní áńkáṣíìfù Roy. “Nu ojú rẹ. Òkú ò mọ iye a ra aṣọ.”

Àlùfáà sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú pósí, wọ́n á fi aṣọ wé e, wọ́n á gbé e fún ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọdún méjì sí i, wọ́n á tún hú u. Ó wo Beryl, ó ní kí ẹni rẹ̀ má ṣaláì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin ṣe iṣẹ́ náà. Joop àti Clive wà lára wọn, Clive bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Stamatia da wáìnì inú bàsíà sórí ilẹ̀ tuntun náà. Wọ́n jẹ àlìkámà náà. Ó dùn. Ohun tó ya Beryl lẹ́nu ni pé ó dùn.

Lọ́nà ilé, Pauline di apá rẹ̀ mú.

“Ìwọ á fagi lé títà náà, àbí? Sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé nǹkan yí padà. Bóyá ọdún méjì sí i, owó ilé á ti gbé orí sókè.”

Beryl ń rìn lọ. Òkun wà nísàlẹ̀, kò yí padà. Argyro àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi. Bílì iná ń bọ̀, owó orí wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ejò lẹ́yìn koríko. Bó bá di ilé mú nítorí Roy, ilé á jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó jẹ Roy tán. Bó bá ta ilé tó sì lọ, Roy á bá àwọn tí kò lórúkọ dọ́gba.

“Mi ò fagi lé e,” ó ní. “Mo ń tà á. Mi ò sì lọ.”

“Níbo lo máa gbé?”

Kò tíì mọ̀. Stamatia, tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àyàfi “hẹ́lò”, tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú bàsíà lórí, ni kò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó mọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kó àwọn ìkòkò òróró rẹ̀ kúrò nínú yàrá tó kọjú sí àgbàlá, tó gbálẹ̀, tó ní kí Beryl wá wo bẹ́ẹ̀dì.

“Ó kéré,” ó ní.

“Ó kéré, Kiria Stamatia.”

“Mo máa ń hanrun.”

“Roy náà ń hanrun.”

Ọjọ́ Ajé, lọ́yà kọ ọ́, wọ́n fọwọ́ sí i. Janice sunkún lórí fóònù, ó ní, “Mọ́mì, Dádì kọ́ ló máa tọ́jú yín bí ẹ bá ṣubú.” Beryl gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ náà kò purọ́. Ìbàdí ń dùn ún, ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òkè ti ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọ̀sán nítorí owó kò sí, kò sì sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìlú náà á ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ọdún méjì bá pé. Ó kàn mọ ẹni tí òun kò lè fi sílẹ̀ ni.

Kí Pauline tó lọ sílé lọ́jọ́ tó wá bá a kẹ́rù, ó rọra béèrè bóyá Lefteris ní atukọ̀ mìíràn lọ́rẹ̀ẹ́. “Clive ò gbọdọ̀ gbọ́,” ó ní. “Kì í sùn mọ́, Beryl. Ó máa ń dìde lóru láti lọ fọwọ́ kan ògiri.”

“N ó bá Lefteris sọ̀rọ̀,” Beryl ní.

Ohun tó gbé kẹ́yìn kúrò nílé náà ni pátákó. Lefteris tú wáyà fún un, ó béèrè bóyá kí òun jó o níná. Beryl ní rárá. Ó yí ẹ̀yìn pátákó náà síwájú: igi mímọ́, tí oòrùn kò kàn rí. Mábù ti là, sàréè kò sì gbọdọ̀ wà láìlórúkọ. Ó gbé e lọ sí ibojì, ó jókòó sórí odi, ó sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀, lédè Gẹ̀ẹ́sì lókè, lédè Gíríìkì nísàlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sí ipa ọwọ́ Roy lábẹ́ tirẹ̀ tí yóò tọ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Joop ló bá a rì í mọ́lẹ̀. Ó yí lọ sí ẹ̀yìn, ó rí ọ̀rọ̀ títà ilé tó ṣì wà níbẹ̀, ó gbé ojú òyìnbó rẹ̀ tó pupa bí tòmátò sókè.

“Beryl, ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wọlé á rò pé Roy lò ń tà.”

“Bí wọ́n bá béèrè,” Beryl ní, “sọ pé kò tíì kanlẹ̀.”

Joop rẹ́rìn-ín gidigidi, ó sì di òkúta mú kó má bàa ṣubú. Beryl nu búrọ́ọ̀ṣì náà mọ́ koríko, ó fi í sápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sílé Stamatia, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lórí ìbàdí.